Ẹ̀rí Tí Bàbá Jẹ́ Nípa Bátìrì

Ní agbo ilé wa ní Ìṣẹ́yìn, a kì í wo kàlẹ́ńdà ká tó mọ ọjọ́ tí aṣọ yóò parí. Òkúta là ń wò. Ẹni tí kò bá dé ìdí òfì rí lè rò pé mo ń ṣàwàdà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ahunṣọ á jókòó sábẹ́ àtíbàbà páànù, òwú tó fẹ́ hun á nà jáde níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa, ó gùn ju ọ̀nà tó wà láàárín ilé ìdáná wa àti kànga lọ. Ìyókù òwú náà, èyí tí kò tíì kàn, ni wọ́n máa ń ká jọ bí irun tí wọ́n fẹ́ dì, wọ́n á gbé e sórí pátákó pẹlẹbẹ kan ní òpin ọ̀hún. Òkúta ńlá kan á wà lórí pátákó yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Òkúta ló ń fa òwú le. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i lọ́wọ́ ahunṣọ, bẹ́ẹ̀ ni pátákó àti òkúta á máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa ha ilẹ̀, gìrì, gìrì, bí àgbàlagbà tó ń wọ́ bàtà. Tó bá súnmọ́ ọn tán, á dìde, á tú òwú sí i, á sì ti òkúta padà sẹ́yìn. Ìyá Àgbà kì í béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé iṣẹ́ kù tó báwo. Ohun tó máa ń béèrè látinú ilé ìdáná ni pé, “Bàbá Sàláwù, òkúta dé ibo?” Bàbá á ní, “Ó ti kúrò nídìí dóńgóyárò.” Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó ti tì í kẹ́yìn ni, ìyẹn ni pé ó ku ọjọ́ méjì.

Sàláwù ni bàbá mi. Òun àti ìyá mi ń ṣe tíṣà ní Ṣakí, ọdún tí ìyá mi bí ìbejì ni wọ́n sì gbé mi wá sọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá mi kí apá lè ká àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Orúkọ mi ni Ràfíátù, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́, oríkì mi, nìkan ni wọ́n ń pè mí nínú ilé yẹn, débi pé nígbà tí tíṣà pe Ràfíátù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwé, èmi náà wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí í ṣe. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ikọ́ Bàbá, lẹ́yìn ikọ́ ni ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá láàárín òwú, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, á máa bọ̀. Ahunṣọ mẹ́rin ló ń lo àtíbàbà Bàbá, ìró wọn sì máa ń dàpọ̀ títí ẹnìkan á fi dákẹ́ láti tú òwú tó lọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ká òwú sára igi tó ń wọ inú ọ̀kọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé àti lẹ́yìn tí mo bá dé. Tí mo bá ká a dáadáa, Ìyá Àgbà á bu wàrà méjì sínú ọbẹ̀ mi dípò ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn wàrà, nítorí náà mo mọ òwú ká. Òfin kan péré ni Bàbá fún mi nídìí òfì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé òkúta. Nígbà tí mo béèrè ohun tó fà á, ó ní kí n ká òwú mi.

Bọ̀dá Mùfú, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, ló ń hun aṣọ kíá jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohunkóhun tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó ti gbà á gbọ́. Kí n tó dé, ó ti ra fáànù tí wọ́n ní ó máa ń gba iná sára. Ó fẹ́ atẹ́gùn láti ìrun àṣálẹ̀ títí wọ́n fi ṣe àdúà tán. Ó ti ra bàtà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Ìyá Àgbà ń fi ọ̀kan nínú rẹ̀ lé adìẹ. Ó ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí kò tàn lójú ẹnikẹ́ni rí. Bàbá kì í bá a jà. Tí ọjà bá dé, tó sì kú, Bàbá á gbé e sókè, á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, á ní, “Ó wúwo,” á sì gbé e lọ sórí pátákó òfì. Ní ilé wa, ohun tó bá ti wúwo kì í ṣe àdánù. Orí òfì Bọ̀dá Mùfú ni kọ̀ǹpútà náà wà, òun àti bíríkì méjì. Bàbá Gàní, ọ̀rẹ́ Bàbá tí òfì rẹ̀ kángun sí ògiri, ń lo sìtébíláísà kan tó ti jóná. Ẹlòmíràn ń lo fídíò àtijọ́. Ẹni tó bá yọjú láti títì lè rò pé ọ́fíìsì kan ló jó lórí ilẹ̀ wa. Fáànù nìkan ni kò rí iṣẹ́ ṣe, nítorí kò wúwo. Bàbá nìkan ló ṣì ń lo òkúta, èyí tí bàbá tirẹ̀ lò, tí ikùn rẹ̀ ti ń dán nítorí ilẹ̀ tó ti ń ha láti ayé àwọn tí mi ò mọ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀, ni Bọ̀dá Mùfú rí bátìrì. Ó ní tí a bá ní bátìrì sólà, a ó gbé gílóòbù kọ́ àtíbàbà, a ó sì lè máa hunṣọ títí di ìṣáà láìbẹ iná ìjọba. Mo ṣì gbà pé èrò náà dára. Ó gbé fóònù wá fún Bàbá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Ogójì èèyàn ló ti jẹ́rìí sí i.”

“Ta ni wọ́n?”

“Àwọn tó ti rà á ni.”

“Ọmọ ta ni wọ́n?”

“Wọn kì í kọ orúkọ bàbá èèyàn síbẹ̀, sà. Ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fún un.”

“Mi ò béèrè ìràwọ̀. Kí ni wọ́n wí?”

Bọ̀dá Mùfú bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. “Eléyìí ní ó dára gan-an, òun á tún rà. Eléyìí náà ní ó dára gan-an, òun á tún rà. Eléyìí náà...”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ̀rọ̀ kan náà?”

“Ó jọ pé àwọn méjìlá ni, Bàbá.”

“Ẹlẹ́rìí méjìlá tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí ẹyọ kan kò yẹ̀, ẹnìkan ló kọ́ wọn,” Bàbá wí, ó sì padà sídìí òfì rẹ̀. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì báyìí, mo ti jókòó gbọ́ àwọn olùkọ́ tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò, mi ò tíì gbọ́ èyí tó ju gbólóhùn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Bàbá ní kó má rà á. Ó sọ ohun tó rí, ó fi ìyókù sílẹ̀. Bọ̀dá Mùfú rà á.

Wọ́n fi ránṣẹ́ láti gáréèjì, ọlọ́kadà gbé e dé pẹ̀lú òógùn lójú. Ó dúdú, ó ń dán, wọ́n lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gílóòbù tàn. Mo rántí pé Ìyá Àgbà ní, “Mùfú, Ọlọ́run á ṣe é ní ire.” A jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń fi ìka nu abọ́ ni ó kú. Ẹni tó tà á ní kí a gbé e sínú oòrùn. A gbé e sínú oòrùn ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Ìṣẹ́yìn tó lè gbẹ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun. Kò jí. Ní ọjọ́ kẹrin, nọ́ḿbà ẹni náà kò lọ mọ́. Bọ̀dá Mùfú jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Bàbá wá, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bátìrì náà, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà.

“Eléyìí wúwo,” ó wí, bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Ọjọ́ yẹn ni òkúta bàbá rẹ̀ kúrò lórí pátákó fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ẹnikẹ́ni tó wà láàyè. Kò pẹ́ nílẹ̀. Ìyá Àgbà, tí mo gbà pé ó ti ń wo òkúta yẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi tẹ àpò ẹ̀gẹ́ rírin tó fẹ́ fi ṣe gaàrí. Gaàrí ọ̀sẹ̀ yẹn gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun kò ní dá a padà mọ́.

Aṣọ tó wà lórí òfì Bàbá nígbà náà ni ìró àti ìborùn fún ọmọge kan ní Òkèhò. Ìyá rẹ̀, tó ń ta iṣu, ti wá lórí ọ̀kadà nígbà méjì láti wo àwọ̀ rẹ̀, aró dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Sátidé ni wọ́n máa so yìgì, Bàbá sì ti fún un ní ọjọ́ Àlàmísì tó ṣáájú rẹ̀. Obìnrin náà kò fi bò pé ẹ̀rù ń ba òun. “Bàbá Aláṣọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lo aṣọ tí wọ́n yá lọ́jọ́ tirẹ̀, wọn ò tíì dákẹ́ nípa rẹ̀ nínú ilé yẹn títí dòní. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí ti ọmọ mi sọ.” Bàbá ní, “Mi ò yẹ àdéhùn aṣọ ìyàwó rí.” Òtítọ́ ni. Bàbá Gàní, tí kì í fẹ́ yin Bàbá, jẹ́rìí sí i pé òun kò rí i kó yẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ní tó ju òfì rẹ̀ lọ nìyẹn, pé tó bá ní Àlàmísì, Àlàmísì ni.

Wàyí o, mo ní láti sọ ipa tèmi. Bátìrì náà ní ìwo irin méjì lórí, òwú sì máa ń kọ́ wọn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì, mo tú u lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ti bátìrì náà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kí ìwo rẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Ó dùbúlẹ̀ dáadáa. Nígbà tó sì ti dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ga tó àpótí ìjókòó. Bàbá ti ní ká má jókòó lé òkúta. Mo rò ó, mo sì rí i pé bátìrì kì í ṣe òkúta. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lé e lẹ́yìn ilé ìwé, tí mo ń ká òwú, tí pátákó ń wọ́ èmi náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó. Mi ò tíì wọ ọkọ̀ tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Bàbá dìde láti tú òwú tó kẹ́yìn kó lè ti bátìrì padà sẹ́yìn. Òwú náà já lọ́wọ́ rẹ̀. Kò já bí òwú ṣe ń já, tó máa ń dún. Ó rọra dá bí iyán tó ti bà. Ó fa òmíràn, ó dá. Ó fi ọwọ́ kó gbogbo rẹ̀ sókè, ó ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sílẹ̀. Àwọn ọ̀kọ̀ yòókù dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin aṣọ náà ti wà ní híhun, ìdá kan tó kù ni ó bàjẹ́ yẹn, Àlàmísì sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

“Èkúté ni,” Bọ̀dá Mùfú wí kíákíá.

“Èkúté wo?” Bàbá Gàní wí, ó yíjú sí Bàbá. “Ewúrẹ́ ìyàwó rẹ ni, Làmídì. Ẹni tó jẹ ìwé, òwú ni kò ní jẹ?”

Lóòótọ́, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ti jẹ̀bi rí. Oṣù tó ṣáájú, ó ti jẹ ìwé ìṣirò mi láti ojú ewé kìíní dé ibi tí ìpín bẹ̀rẹ̀, látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Tíṣà. Ìyá Àgbà ti gbọ́ láti ilé ìdáná, ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́.

“Tíṣà wà lórí okùn láti ìrọ̀lẹ́ àná,” ó wí.

“Ta ni ẹlẹ́rìí?” Bàbá Gàní béèrè.

“Èmi.”

“Ẹni tó ni ewúrẹ́ kì í jẹ́rìí fún ewúrẹ́.”

“Ẹni tó ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ́kàn láti ọjọ́ Iléyá ni kó wá jẹ́rìí?”

Bàbá wo òwú, ó wo ọ̀nà Òkèhò. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò fi ìbínú sọ, èyí ló sì jẹ́ kó le: pé tí àwọn ahunṣọ yóò bá fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ta òwú tuntun, wọ́n ní láti jẹun, àti pé ohun tí wọ́n máa jẹ ló ń jẹ koríko lábẹ́ dóńgóyárò yẹn. Ìyá Àgbà fi orógùn sílẹ̀, ó lọ dúró ti Tíṣà.

Mo dúró, mo ń họ ìdí. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ibẹ̀ ti ń yún mi, Ìyá Àgbà ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó ní yanmuyánmú ni. Mo wo òwú tó wà nílẹ̀. Ìwé ìṣirò mi tí Tíṣà jẹ, itọ́ wà lára rẹ̀, eyín hàn níbẹ̀. Òwú yìí kò ní itọ́. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tó rọ, ó sì ń di ìyẹ̀fun. Mo ti rí irú rẹ̀ níbìkan. Nígbà tí mo rántí ibi tí mo ti rí i, àyà mi já, nítorí pé kí n tó lè sọ ọ́, mo ní láti sọ pé mo jókòó lé e. Mo wo Tíṣà. Tíṣà ń jẹ koríko rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹjọ́ òun là ń rò. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ìwé mi ló jẹ. Ṣùgbọ́n nínú èyí, kò jẹ nǹkankan.

“Bàbá,” mo wí, “wọ́n jẹ aṣọ tèmi náà.”

Mo yí ẹ̀yìn sí wọn. Lára yẹ̀rì ilé ìwé mi, ní ibi tí èèyàn fi ń jókòó, ihò méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, etí wọn pọ́n.

“Níbo lo fi ìdí sí?” Ìyá Àgbà béèrè.

Mo na ìka sí bátìrì.

Bàbá kò nà mí. Kò sì gba ẹ̀rí mi bẹ́ẹ̀. Ó yí bátìrì náà sókè. Omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀, pátákó tutù, ìwé aláwọ̀ ewé ti ṣí, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìwé mìíràn wà, ti àtijọ́, tó ti pọ́n, tí ọ̀dà dúdú bò. Wọ́n ti kun òkú bátìrì lọ́dà, wọ́n tún un tà. Bàbá já òwú mẹ́ta tuntun. Ó tẹ́ ọ̀kan sí ojú ibi tó tutù lórí pátákó. Ó gbé ọ̀kan síwájú Tíṣà, Tíṣà gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Ó so ẹ̀kẹta mọ́ òpó. Ó ní kí a lọ mu ògì. Nígbà tí a padà dé, ó fa ti òpó, kò já. Ó wo ti Tíṣà, ó wà bó ṣe wà. Ó fi ìka méjì gbé ti orí pátákó, ìdajì rẹ̀ ṣẹ́kù sílẹ̀. Bàbá ní, “Àbẹ̀kẹ́ sọ òótọ́.” Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Òun náà ni mo ní kó má jókòó lé e.”

Ìyá Àgbà bu eérú ààrò wá, ó dà á sórí pátákó àti ilẹ̀ tó tutù, bó ṣe máa ń ṣe sí ohunkóhun tí kò yé e. Eérú náà hó yẹ́ẹ́ bí ọṣẹ, gbogbo wa sì fà sẹ́yìn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ásíìdì inú bátìrì ló ń bá eérú jà tó fi hó, mo sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Mi ò rò pé òun náà mọ̀. Ó bi mí bóyá ìdí mi ṣì ń yún mi, ó sì fi omi tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fọ̀ mí lójú gbogbo ayé.

Bàbá Gàní ló kọ́kọ́ gbé òwú aró tirẹ̀ kalẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú tuntun, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín èèkàn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Nígbà tí wọ́n ta á tán, Bàbá yíjú, ó wá òkúta rẹ̀. Òkúta wà lórí àpò ẹ̀gẹ́ tí Ìyá Àgbà rin ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ìyá Sàláwù, ẹ bá mi gbé òkúta.”

“Ẹ̀gẹ́ mi kò tíì gbẹ.”

“Mùfú á gbé kọ̀ǹpútà wá fún yín.”

“Ohun tó lè jẹ ìdí ọmọ ni ẹ fẹ́ gbé lé oúnjẹ mi?” Ó ká ọwọ́. “Àti pé ẹnìkan wà tí ẹ fẹ́ pa lónìí. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ná.”

Bàbá Gàní bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè. Bàbá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó kó èèpo iṣu lọ́wọ́ méjèèjì, ó lọ dà á síwájú Tíṣà, ó dúró díẹ̀ tì í. Mi ò gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní, “Ó ti gbọ́.” Ó jẹ́ kí wọ́n gbé òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ṣì nílò ohun tó wúwo, Bàbá sì wo Bọ̀dá Mùfú láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń wo gbogbo ohun tó bá rà wálé.

“Ìwọ náà wúwo,” ó wí.

Bọ̀dá Mùfú jókòó lé àpò ẹ̀gẹ́ láti ọ̀sán Mọ́ńdè títí di ìrun àṣálẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá á kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó.” Ìyá Àgbà ti gba fóònù rẹ̀, ó ní kí ọkàn rẹ̀ lè wà lórí iṣẹ́. Mo ká òwú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lórí ìdúró.

Ní ọ̀sán Àlàmísì, ìyá ìyàwó dé láti Òkèhò. Òkúta ti kọjá dóńgóyárò, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó wò ó, ẹnu rẹ̀ gbẹ, nítorí òun náà ti mọ òkúta ka. Bàbá fún un ní àpótí, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìyọ ewúrẹ́ kúrò, ó ní aró ìdá tó kẹ́yìn fi díẹ̀ dú ju ti ìyókù lọ, nítorí òwú Bàbá Gàní ni. Obìnrin náà béèrè pé ṣé ó máa parí lónìí. Bàbá ní Àlàmísì kò tíì tán. Kò tún gbójú sókè. A jókòó, gbogbo wa, a ń wo òkúta bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ rìn. Gìrì. Ó dúró. Gìrì. Ládánì ti ń nu ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìrun àṣálẹ̀ nígbà tí pátákó kan ẹsẹ̀ Bàbá. Ó gé aṣọ, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí obìnrin náà. Obìnrin náà tẹ́ ẹ sójú oòrùn tó ń wọ̀, ó wá ibi tí aró ti yàtọ̀, kò rí i. Èmi rí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Ọkùnrin tó ń ra bátìrì kòǹdẹ́mù kọjá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Irin inú rẹ̀ nìkan ló fẹ́, ló bá fẹ́ da omi rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò kó tó gbé e. Ìyá Àgbà na orógùn sí i. “Gbé e dìde. Kànga wa nìyẹn.” Ọkùnrin náà ní ó ti wúwo jù pẹ̀lú omi nínú. Bàbá ní, “Ìwọ náà ti rí i.” Ó gbé e lọ ní ìdúró lórí ọ̀kadà rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi tí ọkùnrin yẹn da omi náà sí lẹ́yìn tó kọjá igun wa ni mi ò mọ̀, ìyẹn nìkan ló sì máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rí bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

Bóyá ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù Bọ̀dá Mùfú dún. Ọjà orí fóònù níbi tó ti rà á ló kọ̀wé pé kó wá jẹ́rìí nípa ohun tó rà. Ó fẹ́ pa á rẹ́. Bàbá ní kó má pa á rẹ́, kó gbé fóònù fún mi, nítorí èmi lọ́rọ̀ náà kàn lára. Ó jókòó dáadáa, ó ṣe fìlà rẹ̀.

“Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Làmídì. Kọ orúkọ bàbá mi, Sùlèmọ́nù. Ahunṣọ, ní Ìṣẹ́yìn. Ṣé o ti kọ ọ́? Kọ pé mo gba bátìrì yìí lọ́wọ́ yín. Ó tan iná fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi jẹun. Ó jẹ òwú ìyàwó, ó jẹ aṣọ ọmọ ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kó jẹ ewúrẹ́ aláìṣẹ̀. Ó wúwo.”

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Fóònù ní kí a fi ìràwọ̀ sí i. Bọ̀dá Mùfú ní, “Ẹ má fún un ní nǹkankan, Bàbá.” Mo gbìyànjú, fóònù kò gbà, ó ní ó kéré tán, ẹyọ kan.

Bàbá ronú. Ní ẹ̀yìn ibi tó jókòó sí, òkúta bàbá rẹ̀ wà lórí pátákó, aṣọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

“Fún un ní ẹyọ kan náà.”

“Lẹ́yìn ohun tó ṣe?” Bọ̀dá Mùfú béèrè.

“Mo ti sọ lẹ́rìí pé ó wúwo,” Bàbá wí. “Mi ò lè torí pé mo ń bínú kí n sọ pé kò wúwo.”